Ṣé Ó Yẹ Kí A Ra Adójútòfò fún Ajá? Ohun Tí Mo Rí ní Adó-Èkìtì

Àbúrò mi ọkùnrin ń gbé ní Leeds, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ti pẹ́ tí ó ti ń san owó adójútòfò lórí ajá tirẹ̀. Òun ni ó dábàá pé kí èmi náà ra irú rẹ̀ fún Bingo, ajá mi tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Alsatian tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ajá ìbílẹ̀, tí ó ń ṣọ́ ilé mi ní ojú ọ̀nà Ìwòròkó ní Adó-Èkìtì. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ jẹ́ kí n máa bá yín san án, nítorí ọjọ́ tí àìsàn ńlá bá dé, ẹ ò ní máa sáré wá owó kiri." Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí, ṣùgbọ́n n kì í fọwọ́ sí ìwé tí n kò tíì kà tán, ìbáà jẹ́ owó ẹlòmíràn ni a fẹ́ fi san án. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí, mo sì ń kọ ohun tí mo rí sílẹ̀ níhìn-ín, nítorí pé láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ àwọn ajínigbé ti ń lé oorun lọ lójú ẹni ní Èkìtì ni àwọn tí ń ra ajá ńlá ti ń pọ̀ sí i, ìbéèrè yìí kan náà ni wọ́n sì ń bi mí.

Ajá kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ wa. Ní Ìrè-Èkìtì, níbi tí a ti ń bọ Ògún Onírè, tọmọdé tàgbà ni ó mọ ipò tí ajá wà nínú ẹbọ, ọdẹ tí ó sì mọ iṣẹ́ kì í dá igbó wọ̀ láìní ajá lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ajá àwọn bàbá wa kò náni lówó: àjẹkù ni ó ń jẹ, ewé ni a ń wá fún un bí ara rẹ̀ kò bá yá, bí ó bá sì kú, a ó tọrọ ọmọ ajá mìíràn lọ́wọ́ aládùúgbò. Ajá tí à ń fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹgbẹ̀rún náírà rà lónìí, tí kò ní jẹ ẹ̀bà láìsí ẹja, tí dókítà ẹranko sì ń mọ orúkọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Owó ni ó sọ ọ́ di ohun tí ènìyàn lè rò láti fi sábẹ́ adójútòfò bí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́.

Kí n kọ́kọ́ sọ bí ó ti rí níbi tí nǹkan náà ti wá. Ní orílẹ̀-èdè Sweden ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ ìwé adójútòfò fún ajá, ní 1924, títí di òní sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ ajá ibẹ̀ ń ní in. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé ìwòsàn ìjọba tí ń tọ́jú ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́ kò mọ ẹranko rí, nítorí náà gbogbo owó ìtọ́jú ajá, alájá ni ó ni ín. Nígbà tí iṣan orúnkún ajá àbúrò mi já, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún un gba ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn mélòó kan, owó tí ó ju owó oṣù rẹ̀ lọ. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò san èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹni tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí, kò sí bí a ṣe fẹ́ sọ fún un pé adójútòfò kò wúlò. Ṣùgbọ́n àbúrò mi fúnra rẹ̀ kò fi ìyókù pamọ́ fún mi. Ó ní wọn kì í san owó abẹ́rẹ́ àjẹsára. Wọn kì í san owó àìsàn tí ó ti wà lára ajá kí a tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Bí àìsàn bá dé láàárín ọjọ́ 14 àkọ́kọ́, ara rẹ ni yóò gbé e. Bẹ́ẹ̀ ni owó tí à ń san ń gòkè bí ajá ti ń dàgbà, tí ó fi jẹ́ pé ọdún tí ajá nílò rẹ̀ jù lọ ni ó ń wọ́n jù lọ.

Lẹ́yìn èyí ni mo wá wo ti ilé. Àwọn tí ń sin adìẹ ní Èkìtì mọ ètò adójútòfò àgbẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1987, nínú èyí tí ìjọba ti ń bá àgbẹ̀ san ìdajì owó náà lórí irúfẹ́ irè oko àti ẹran ọ̀sìn kan. Ajá tí ń ṣọ́ ilé kò sí nínú ìyẹn. Aṣojú ilé-iṣẹ́ aládàáni kan ni ó wá bá wa sọ̀rọ̀ ní ìpàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó mọ ọ̀wọ̀ àgbà, ó sì ní bí a bá fẹ́, àwọn lè kọ ìwé fún ajá. Mo kọ́kọ́ rí i dájú pé orúkọ ilé-iṣẹ́ náà wà lára àwọn tí NAICOM, àjọ tí ń bójú tó iṣẹ́ adójútòfò ní Nàìjíríà, fún ní ìwé àṣẹ. Ẹni tí kò bá ṣe èyí, kí ó má wulẹ̀ dé ibi ìṣirò.

Ìṣirò ni ó wá kàn. Owó tí wọ́n bù fún Bingo jẹ́ ₦7,000 lóṣooṣù, èyí tí í ṣe ₦84,000 lọ́dún. Àpapọ̀ ohun tí wọ́n lè san lọ́dún kò gbọdọ̀ ju ₦400,000 lọ. Títí dé ibẹ̀, kò burú. Mo gbé ìwé náà sórí tábìlì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo fi awò ojú mi sí i, mo sì ń fi bírò fa ìlà sábẹ́ gbogbo ibi tí wọ́n ti kọ "àyàfi". Ní ojú ewé kẹta ni mo ti rí i pé nígbàkígbà tí ajá bá ṣàìsàn, èmi ni n ó kọ́kọ́ san ₦30,000 àkọ́kọ́ nínú owó ìtọ́jú rẹ̀. Nínú èyí tí ó bá ṣẹ́kù, èmi tún ni n ó san ìdá márùn-ún rẹ̀ kan, àwọn yóò sì san ìdá mẹ́rin. Mo gbé ìwé pélébé kan, mo sì bá ara mi sọ òótọ́. Kí ilé-iṣẹ́ náà tó lè san ₦84,000 padà fún mi, ìyẹn iye tí mo ti fún wọn lọ́dún, àìsàn tí yóò jẹ owó tó ₦135,000 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni ó gbọ́dọ̀ kọlu ajá náà. Ìbéèrè mi wá di èyí: irú àìsàn wo ni ó ń jẹ tó bẹ́ẹ̀ ní Adó, ṣé òun náà sì ni ó ń pa ajá wa?

Mo gbé ìbéèrè náà lọ bá dókítà ẹranko tí ó ń tọ́jú Bingo, kò sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó dáhùn. Ohun tí ó ń pa ọmọ ajá ní Èkìtì, parvo ni, àìsàn tí ó ń mú kí wọ́n máa ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ tí wọ́n sì ń bì títí omi ara wọn fi ń gbẹ. Distemper, àìsàn tí ń kọlu èémí àti ọpọlọ ajá, tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni aràn inú, àti ibà tí eégbọn ń kó ran ajá. Ó ní gbogbo èyí ni owó díẹ̀ lè dènà: abẹ́rẹ́ àjẹsára tí a ó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọmọ ajá bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, tí a ó máa tún un gbà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin síra wọn títí yóò fi pé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 16, abẹ́rẹ́ dìgbòlugi lọ́tọ̀, oògùn aràn, àti oògùn eégbọn. Nígbà tí mo padà délé tí mo ṣí ìwé adójútòfò náà, mo rí i pé kò sí ọ̀kan nínú àwọn ohun ìdènà wọ̀nyí tí wọ́n ń san owó rẹ̀, bí ajá bá sì kó parvo tàbí distemper láìgba àjẹsára pé, wọn kò ní san ìtọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú. N kò bá wọn jà lórí ìyẹn, nítorí pé bí èmi náà ni mo ni ilé-iṣẹ́ ọ̀hún, ohun tí n ó kọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó fi hàn mí pé ẹni tí ₦84,000 kan ṣoṣo wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ajá lọ́dún gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé e lọ sí ibi abẹ́rẹ́ kí ó tó gbé e lọ sí ibi ìwé.

Ibà eégbọn ti kọlu Bingo rí, mo sì lè fi ojú ara mi ròyìn rẹ̀. Òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, ajá náà kò jẹun, kò sì gbó nígbà tí ọlọ́kadà dúró lẹ́nu géètì. Dókítà fi àtàǹpàkò gbé ètè rẹ̀ sókè, ó ní kí n wo èrìgì rẹ̀: ibi tí ó yẹ kí ó pọ́n ti funfun bí òwú. Ó ṣí etí rẹ̀, eégbọn tò síbẹ̀, àwọn kan ti mu ẹ̀jẹ̀ yó, wọ́n wú bí kóró ìbẹ́pẹ. Wọ́n fá irun ẹsẹ̀ rẹ̀ iwájú, wọ́n fa omi sí i, wọ́n so àpò omi náà mọ́ irin fèrèsé, èmi sì di orí rẹ̀ mú lórí ìtan mi kí ó má baà já okùn náà. Abẹ́rẹ́, oògùn tí ó lò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦38,000. Ká ní mo ní adójútòfò nígbà náà, n ó yọ ₦30,000 tèmi, yóò ku ₦8,000, wọn yóò san ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀, èyí tí í ṣe ₦6,400. Kò tó owó oṣù kan tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ mi.

Wọn a ní, àìsàn ńlá ni adójútòfò wà fún. Òtítọ́ ni, mo sì fara balẹ̀ yẹ ọ̀nà ìyẹn wò dáadáa. Àwọn ajá ńlá bí Alsatian, Boerboel àti Caucasian ní àìsàn tiwọn. Oríkèé ìbàdí wọn a máa yẹ̀ bí wọ́n ti ń dàgbà. Ikùn wọn lè kún fún afẹ́fẹ́ kí ó sì yí po lẹ́yìn oúnjẹ, èyí tí í pa ajá láàárín wákàtí díẹ̀ bí wọn kò bá là á. Abo tí a kò yọ ilé ọmọ rẹ̀ lè ní ọyún nínú ilé ọmọ, kí ó sì di ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ. Ìwọ̀nyí ni ó ń jẹ owó tí ìwé náà lè ràn wá lọ́wọ́ lé lórí. Àwọn dókítà ẹranko wa ní Adó ń yọ ilé ọmọ ajá, wọ́n sì ń rán ojú ọgbẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá di ti egungun tí a ó tò, tàbí àyẹ̀wò tí ó nílò ẹ̀rọ ńlá, ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn tàbí ti Ìlọrin ni wọ́n ń darí wa sí. Ajá tí ikùn rẹ̀ yí po ní agogo mẹ́wàá alẹ́ ní ojú ọ̀nà Ìwòròkó, ta ni yóò wa ọkọ̀ gbé e gba ọ̀nà yẹn lóru, pẹ̀lú ohun tí a mọ̀ pé ó wà lójú ọ̀nà? Níbi tí ọ̀rọ̀ ti rí báyìí, owó nìkan kọ́ ni ó wọ́n. Adójútòfò lè san owó iṣẹ́ abẹ, kò lè gbé yàrá iṣẹ́ abẹ wá sí àdúgbò mi. Ní Leeds, gbogbo rẹ̀ wà nítòsí, owó rẹ̀ nìkan ni ó ń dẹ́rù bani. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ohun tí àbúrò mi ń ṣe níbẹ̀ tọ̀nà, tí n kò sì gbà pé ó yẹ kí n ṣe bákan náà níhìn-ín.

Olè ńkọ́? Ní ìlú wa, ajá tí ó sọnù, ẹni tí ó gbé e lè fi ṣọ́ ilé tirẹ̀, ó sì lè gbé e fún àwọn tí ń ta ẹran rẹ̀ pẹ̀lú ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹmu. Kò sí ohun tí ó ń já alájá láyà ní Èkìtì tó èyí, aṣojú náà sì mọ̀ ọ́n, nítorí òun ni ó kọ́kọ́ fà yọ. Ìwé rẹ̀ ń san owó ajá tí wọ́n jí, lóòótọ́, bí a bá mú ìwé ọlọ́pàá wá, tí a sì fi hàn pé wọ́n fọ́ géètì tàbí wọ́n fo ọgbà wọlé. Ajá tí ó bá gba ẹnu géètì tí ọmọdé gbàgbé láti tì jáde lọ, tí kò padà mọ́, òfò alájá ni. Mo bi àwọn mẹ́ta tí ajá wọn ti sọnù ní àdúgbò wa bí tiwọn ti ṣẹlẹ̀, kò sí ẹni tí wọ́n fọ́ ilé rẹ̀ nínú wọn.

Ohun kan tún wà tí àwọn tí ó bá fẹ́ ra á gbọ́dọ̀ mọ̀. Kò sí ilé-iṣẹ́ tí yóò san owó láìrí rìsíìtì àti ìwé dókítà ẹranko tí ó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Veterinary Council of Nigeria, àjọ tí ń bójú tó iṣẹ́ àwọn dókítà ẹranko. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí à ń pè ní dókítà ajá, tí wọ́n ń fi ọ̀kadà kiri pẹ̀lú báàgì abẹ́rẹ́, kò forúkọ sílẹ̀ níbìkankan. Èyí tí ó bá fún ajá rẹ ní abẹ́rẹ́ ní ẹ̀yìnkùlé, tí kò kọ ọ́ sínú káàdì, bí ẹni pé ajá náà kò gba nǹkan kan ni lójú ilé-iṣẹ́ adójútòfò. Ra adójútòfò tàbí má rà á, gba káàdì.

Mo wá dé ibi tí ó jẹ́ pé òun gan-an ni ó yí èrò mi padà nípa gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ní òpópónà kejì sí tiwa, ajá ọkùnrin kan bu ọmọdé kan jẹ ní ẹsẹ̀, ọmọ tí ó wọlé láti mú bọ́ọ̀lù rẹ̀. Wọ́n fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, bí ó ti yẹ, wọ́n sì gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn. Dìgbòlugi kì í ṣe àìsàn tí à ń wò lẹ́yìn tí ó bá ti farahàn. Ẹni tí àpẹẹrẹ rẹ̀ bá ti hàn lára rẹ̀, ikú ni ó sábà máa ń já sí. Nítorí náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an, òmíràn lọ́jọ́ kẹta, lọ́jọ́ keje, lọ́jọ́ kẹrìnlá, wọ́n sì so ajá náà mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá láti wò ó bóyá àìsàn yóò yọ lára rẹ̀. Alájá ni ó san gbogbo rẹ̀: owó abẹ́rẹ́, owó ọkọ̀, owó iṣẹ́ tí ìyá ọmọ náà kò lè lọ ṣe, kí a má sì tíì dárúkọ ohun tí ó gbé lọ́wọ́ nígbà tí òun àti àwọn àgbà àdúgbò lọ bẹ àwọn òbí ọmọ náà kí wọ́n má gbé ọ̀rọ̀ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ó ná ju iye tí ó fi ra ajá náà lọ. Ní Adó, owó tí ó tóbi jù lọ tí ajá lè fà bá olówó rẹ̀ kò sí lára ajá, eyín rẹ̀ ni ó wà. Àbúrò mi sọ fún mi pé ìwé tirẹ̀ ní Leeds ní ìpín kan tí ó ń san owó fún ẹni tí ajá rẹ̀ bá ṣe léṣe. Mo tún ìwé ti ibí kà láti òkè dé ilẹ̀, n kò rí irú rẹ̀ níbẹ̀.

Bí mo ti pinnu rẹ̀ nìyí. Mo ní kí àbúrò mi máa fi ₦7,000 náà ránṣẹ́, kí n máa fi í sínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní orúkọ tí ó yàtọ̀ sí ìfowópamọ́ tèmi, kí n má baà fi ṣe ìnáwó ọdún. Nínú rẹ̀ ni a ti ń yọ owó àjẹsára, oògùn aràn àti ti eégbọn, èyí tí ó kù sì ń dúró. Ó kọ́kọ́ jiyàn, ó ní bí àìsàn ńlá bá dé ní oṣù kejì ńkọ́, nígbà tí owó kò tíì pọ̀? Ibẹ̀ gan-an ni ìfowópamọ́ ti kù díẹ̀ káàtó, n kò sì lè sẹ́ ẹ. Mo dá a lóhùn pé ẹgbẹ́ máa ń yá ọmọ ẹgbẹ́ ní ìlọ́po owó tí ó bá fi pamọ́, ó sì ní kò burú, bí n kò bá ti ní lọ fi owó ajá ra aṣọ ẹbí.

Àwọn kan wà tí n kò ní gba irú ìmọ̀ràn yìí fún. Ẹni tí ó ń sin ajá fún ọmọ títà, tí ìyá ajá kan ṣoṣo rẹ̀ tó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹgbẹ̀rún náírà, tí iṣẹ́ rẹ̀ yóò sì dúró bí ó bá kú, kí òun jókòó ka ìwé náà dáadáa, pàápàá apá tí ó sọ̀rọ̀ nípa ikú ajá. Bákan náà ni ẹni tí ń gbé Èkó tàbí Ìbàdàn, tí ilé ìwòsàn ńlá wà nítòsí rẹ̀. Ẹni tí ó sì mọ̀ pé owó kì í dúró lọ́wọ́ òun, ó lè sàn kí ó gbé e fún ilé-iṣẹ́ ju kí ó tan ara rẹ̀ pé òun ń fi í pamọ́. Ṣùgbọ́n kí ó rántí pé bí kò bá san owó oṣù kan, ààbò náà ti dúró nìyẹn.

Nígbà tí aṣojú náà padà wá gba èsì, mo fún un ní omi tútù, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìfi ọ̀kan pamọ́. Ó ní, "Màmá, ẹ ti kà á ju àwa tí à ń tà á lọ." Mo ní bí wọ́n bá lè mú ìwé kan wá tí yóò san owó ilé ìwòsàn ẹni tí Bingo bá bù jẹ, kódà kí ó má san kọ́bọ̀ fún Bingo fúnra rẹ̀, n ó fọwọ́ sí i lọ́jọ́ náà, n ó sì mú àwọn alájá mìíràn wá láti àdúgbò wa. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, ó ní òun yóò bá àwọn ọ̀gá òun ní Èkó sọ ọ́. Mo ń retí èsì wọn.